Yíya ìṣesí ajá ìgboro ní fọ́tò dúdú àti funfun

Ajá kan wà nídìí ìsọ̀ fọkanáísà kan ní àdúgbò Mọ́kọlá, n'Íbàdàn, tí etí ọ̀tún rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán, tí ti òsì sì máa ń ṣẹ́ wálẹ̀, bí ẹni tí ó ń ronú owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Mo ya á ní nǹkan bí ogójì fọ́tò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn ni ó sì wù mí nígbà tí wọ́n ṣì ní àwọ̀. Nígbà tí mo délé tí mo sọ wọ́n di dúdú àti funfun, ajá pòórá. Ara rẹ̀ àti ilẹ̀ pupa tí ó jókòó lé di eérú kan náà, ojú méjì péré ni ó kù tí ó ń wò mí láti inú eérú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ya ìṣesí ajá ní fọ́tò tí kò ní àwọ̀ ní ohun méjì láti kọ́: kí ó máa rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kí ó sì máa gbọ́ ohun tí ara ajá ń sọ kí ajá tó sọ ọ́ tán.

Ajá ìbílẹ̀ ni mò ń sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, èyí tí ó ní ẹni tí ó ni ín, tí ó ní ibi tí ó ń sùn, ṣùgbọ́n tí ó ń dá rìn láti ìdí ìsọ̀ alápatà dé ọgbà mẹ́káníìkì láìsí okùn lọ́rùn. Fóònù lásán tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣètò kámẹ́rà kí ẹ tó jáde nílé

Lórí kámẹ́rà òde òní, ẹ yan RAW, ìyẹn fáìlì tí ó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, kí ẹ sì yí ohun tí ẹ ń rí lójú kámẹ́rà sí dúdú àti funfun. Àwòrán tí ẹ óò máa rí kò ní ní àwọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọ̀ ṣì wà nínú fáìlì RAW náà, ẹ óò sì nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé. Bí ó bá jẹ́ JPEG nìkan, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, ni ẹ yàn, kámẹ́rà á da àwọ̀ nù pátápátá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè pè é padà. Ọ̀pọ̀ fóònù náà ní ètò tí ó ń fi dúdú àti funfun hàn kí ènìyàn tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ máa lò ó, nítorí pé ojú tí ó ń rí àwọ̀ máa ń tan ayàwòrán jẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti tàn mí jẹ ní Mọ́kọlá.

Ẹ gbé ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tí ó sì ń padé, sí ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá. Ajá tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lè gba 1/125, ṣùgbọ́n ajá kì í kìlọ̀ kí ó tó gbọn orí, etí tí ó bá sì gbọ̀n ní 1/125 á di èéfín nínú fọ́tò. Èyí tí ó bá ń sáré ń fẹ́ 1/1000. Ẹ fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8 kí imú àti etí lè hàn kedere pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, máa yí fúnra rẹ̀ dé 3200. Bí ISO bá ga, àwòrán lè dà bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn wẹ́wẹ́ sí i, ṣùgbọ́n nínú dúdú àti funfun, iyanrìn yẹn kì í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ní ti lẹ́ǹsì, mílímítà 35 ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń gba ajá àti ìdí ìsọ̀ tí ó jókòó sí pọ̀. Lẹ́ǹsì gígùn á gba ojú ajá nìkan, ojú náà sì lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ìgboro á ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo fíìmù lè ra Ilford HP5 Plus tàbí Kodak Tri-X. 400 ni ìwọ̀n bí àwọn méjèèjì ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, fọ́tò 36 ni ó sì wà nínú ìdì kan. Bí kámẹ́rà kò bá ní ohun tí ó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ rántí òfin àtijọ́ yìí: nínú oòrùn tí ó mú dáadáa, f/16 ni ihò lẹ́ǹsì, iye tí a kọ sára fíìmù ni a ó sì fi ṣe ìyára ṣọ́tà, tí 400 fi di 1/500 nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ọn jù. Bí ajá bá wọ abẹ́ ibòji tí ojú ọ̀run ṣì hàn sí, ẹ ṣí ihò náà dé f/4, nítorí pé bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ gùn

Ní ilẹ̀ wa, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan sórí ẹni. Bí ó bá wà níbẹ̀, òjìji iwájú orí ajá á bo ojú rẹ̀, ojú náà á sì dà bí ihò méjì. Ẹ jáde ní aago méje òwúrọ̀ sí mẹ́sàn-án, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí ó ń tọ́ka sí irun ara ajá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò ọyẹ́ ni mo yàn láàyò ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń sọ oòrùn di àtùpà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, òjìji á rọ̀, ajá á sì hàn kedere kódà ní aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì lójú pópó nínú ọyẹ́, eruku yẹn kò mọ ojú kámẹ́rà yàtọ̀ sí ojú fèrèsé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tí ó ni ajá

Ajá tí ó ń dá rìn kò túmọ̀ sí ajá tí kò ní olúwa. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè kí ẹ tó kí ará ìsọ̀, wọn á kọ́kọ́ rò pé ilé ni ẹ wá yà fún àwọn tí ń wó ilé, tàbí pé ìwé owó orí ni yóò tẹ̀lé e. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ sì fi fọ́tò tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n.

Ní ọjọ́ kan lẹ́bàá Agodi Gate, mo kí ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́, mo sì nawọ́ sí ajá dúdú tí ó nà gbalaja sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni? Tèmi kì í ṣe ajá Ògún o."

"Rárá, mà. Fọ́tò rẹ̀ ni mo fẹ́ yà, bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀."

"Fọ́tò ajá? Ó dáa, ẹ yà á. Jẹ́nsinmi! Dìde, wọ́n fẹ́ yà ọ́."

Bí wọ́n ti pe orúkọ náà ni obìnrin tí ó wà ní ìsọ̀ kejì pòṣé, tí ó sì yí ẹ̀yìn padà, mo sì mọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ajá lórúkọ. Ẹ máa bèèrè orúkọ ajá nígbà gbogbo. Yàtọ̀ sí àṣírí àdúgbò tí ó wà nínú rẹ̀, orúkọ náà ni irinṣẹ́ tí ó yá jù lọ́wọ́ yín, nítorí pé ajá tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àlejò á gbé etí sókè, á sì fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó máa ń ṣe é. Tí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kejì láìsí oúnjẹ lọ́wọ́, ó ti mọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ara ajá kí ẹ tó sún mọ́ ọn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe, nítorí pé wọ́n ń fi ojú ènìyàn ka ojú ajá. Ajá tí ó ya ẹnu tí ó yọ ahọ́n lè máà rẹ́rìn-ín rárá, ooru ni ó lè máa mú un. Bí ó bá ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tàbí tí ó ń fi ahọ́n lá imú ara rẹ̀ léraléra nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí, ara rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí yín. Ẹ sún sẹ́yìn. Bí ó bá yí orí kúrò ṣùgbọ́n tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò yín, tí funfun ẹyinjú rẹ̀ sì hàn, ìbẹ̀rù ni. Fọ́tò irú ojú bẹ́ẹ̀ máa ń lágbára nínú dúdú àti funfun, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ ti yà á, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ìrù tí ó ń jù kì í ṣe ìrù ìfẹ́ nígbà gbogbo. Bí ìrù bá ń jù wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀ tí ìdí ajá náà sì ń bá a mì, ẹ wá. Bí ìrù bá dúró gan-an lókè tí ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tí ara yòókù sì le bí igi, ẹ má wá. Èyí tí ó léwu jù ni ajá tí ó ń jẹun tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, tí ó ṣàdédé dákẹ́, tí kò mira mọ́. Mo rí irú rẹ̀ nídìí ìsọ̀ alápatà kan, mo sì sọ fún ara mi pé fọ́tò kan sí i péré ni. Àwòrán ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo bá nínú kámẹ́rà nígbà tí mo délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí ó ti ya dé orúnkún.

Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ajá lójú, nítorí pé ìpèníjà ni ní èdè tirẹ̀, lẹ́ǹsì ńlá sì dà bí ojú kan ṣoṣo tí kì í ṣẹ́jú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí i, ẹ wo ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí òun wá gbóòórùn yín.

Bí ajá bá ń da itọ́ lẹ́nu, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó sì ń bu ohun gbogbo tí ó bá kàn jẹ, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ará àdúgbò, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ajá tí ara rẹ̀ dá náà lè bu ènìyàn jẹ. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Kí àmì àrùn náà tó hàn ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bí àmì bá ti hàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fi irun ajá náà lẹ ojú ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lóṣòó, kí ẹ sì yan ohun tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀

Bí ẹ bá dúró gbọnrangandan ya ajá, gbogbo ajá ayé ni yóò dà bí ẹni tí ń tọrọ jẹ. Ẹ lóṣòó, kí lẹ́ǹsì bá ojú rẹ̀ dọ́gba, tàbí kí ẹ gbé fóònù kanlẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ojú kámẹ́rà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Elliott Erwitt, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Paris ní 1928, tí ó sì kú ní 2023, ya fọ́tò kan ní New York ní 1974 tí mo máa ń fi hàn àwọn tí wọ́n bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi. Ajá kíún kan tí ó dé fìlà ni ó wà níbẹ̀, bàtà gígùn obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ajá ńlá kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí òpó ilé. A kò rí orí obìnrin náà, a kò sì rí orí ajá ńlá, nítorí pé ní ibi tí ojú ajá kíún náà wà ni a gbé kámẹ́rà sí, ẹsẹ̀ sì ni ayé jẹ́ láti ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti lóṣòó tán, ẹ wo ẹ̀yìn ajá kí ẹ tó wo ajá fúnra rẹ̀. Nínú fọ́tò dúdú àti funfun, pupa àti àwọ̀ ewé lè di ọ̀kan náà bí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé jáde bá dọ́gba. Ajá pupa rúsúrúsú lórí ilẹ̀ pupa, tàbí níwájú ògiri alámọ̀ ilé àtijọ́ ní Òjé, sọnù nìyẹn. Ẹ sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì títí ohun tí ó dúdú ju ajá lọ yóò fi bọ́ sẹ́yìn rẹ̀: ọ̀dà ojú títì, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí iná kò sí nínú rẹ̀, tàbí igbó. Nígbà tí mo padà sí Mọ́kọlá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni mo gbé, òkìtì táyà àlòkù sì wà lẹ́yìn ajá mi. Ara táyà dúdú kirikiri, etí kan tí ó dúró àti èkejì tí ó ṣẹ́ wálẹ̀ sì yọ níwájú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà wọ́n.

Ẹ tún wo inú ẹyinjú. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí ẹ̀ka fèrèsé. Ajá tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó kọjú síta máa ń ní in, nítorí pé ojú ọ̀run wà níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dúró de ìṣesí náà

Èyí ni ó ń gba àkókò jù, kò sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jókòó. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni ajá ń wò, kò sì sí ohun kan lójú rẹ̀ ju ìbéèrè lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbàgbé yín, tí yóò padà sí iṣẹ́ rẹ̀: yóò máa wo ọwọ́ alápatà bí ó ti ń lọ sókè sódò, yóò máa fi ojú bá ọ̀kadà lọ, yóò gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń fún un lóúnjẹ kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ di bọ́tìnnì mú kí kámẹ́rà máa yà léraléra.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò jí i, ẹ lo ohùn tí kò gbọ́ rí. Wọ́n mọ Erwitt sí ẹni tí ó máa ń gbó sí ajá kí ó lè rí ohun tí ajá yóò ṣe. Èmi kò lè gbó láàárín ọjà, wọn á pe àwọn ẹbí mi; ṣùgbọ́n mo máa ń súfèé díẹ̀, tàbí kí n fi èékánná ha ọ̀rá omi mímu. A máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo èyí tí mo yà kò sọnù rí.

Ìgbésẹ̀ keje: ajá dúdú àti ajá funfun

Kámẹ́rà kò mọ ajá. Ó kàn fẹ́ kí ohun gbogbo di àwọ̀ eérú ni. Bí ajá dúdú bá kún ojú rẹ̀, yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí i títí yóò fi di eérú, nítorí náà ẹ yọ ìdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan (-1) kúrò pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a ya àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò sí. Bí ó bá jẹ́ ajá funfun ni ó kún un, ẹ fi ọ̀kan kún un. Ṣùgbọ́n bí ajá dúdú bá kéré láàárín ojú títì tí oòrùn ń tàn sí, ojú títì ni kámẹ́rà ń wò, ẹ ní láti fi kún un kí ajá má baà di òjìji lásán. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ajá, kí ẹ sì fa àmì oòrùn tí ó bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ yọ àwọ̀ kúrò nílé

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ tọ́jú RAW. Nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, bí ẹ bá sọ àwòrán di dúdú àti funfun, ẹ óò rí ibi tí ẹ ti lè gbé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ajá pupa níwájú koríko: ẹ gbé àwọ̀ ọsàn sókè kí irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ rẹ àwọ̀ ewé àti òféèfèé sílẹ̀ kí koríko ṣókùnkùn, ẹ óò rí bí ajá ṣe ń rìn jáde wá. Ajá kan náà níwájú kíósì tí wọ́n kùn ní búlúù: ẹ rẹ búlúù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá pupa lórí ilẹ̀ pupa kò ní oògùn nílé, nítorí pé bí ẹ bá gbé ọsàn sókè, àwọn méjèèjì ni yóò jọ gòkè. Lórí fóònù, Snapseed ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ibi dúdú àti funfun rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọwọ́ kan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó Lightroom.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí dúdú inú rẹ̀ ki jù débi pé irun á pòórá. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun ní 1968, ni olùkọ́ mi ní apá yìí, bí n kò tilẹ̀ bá a pàdé rí. Irun dúdú ni ó ń yà, síbẹ̀ a lè ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá lè ka irun ẹ̀yìn ọrùn ajá dúdú nínú fọ́tò yín, ẹ gbé òjìji sókè díẹ̀.

Nínú ogójì fọ́tò, mo máa ń mú méjì. Mo máa ń wo etí, mo máa ń wo ojú, mo sì máa ń bi ara mi bóyá mo lè sọ ohun tí ajá náà ń rò láìfi orúkọ rẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn dára lójú ni, mo fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì mú un padà lọ

Ẹ tẹ ọ̀kan fún ẹni tí ó ni ajá, lórí bébà tí kò dán. Mo mú ti Mọ́kọlá lọ fún fọkanáísà náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó fi ọwọ́ tí ó kún fún ọ̀rá gbà á létí létí, ó wò ó pẹ́, ó wo ajá, ó tún wo fọ́tò.

"Ó jọ ọ́ o. Àbí àwọ̀ ti tán nínú kámẹ́rà yín ni, bùọ̀dá?"

Ó fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ sára igi ìsọ̀ rẹ̀, lókè ibi tí ó kọ iye tí ó ń gba láti fẹ́ táyà sí. Ajá náà kò tilẹ̀ gbé orí sókè wò ó.